Ìtàn Ìgbésí Aiyé Oníṣègùn Roderigo Lopez, Àlejò Inú Ilé Ọba

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa tí ó ti jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga li ó mọ orúkọ Shylock, Júù ayánilówó nì tí Shakespeare fi sínú eré rẹ̀ nípa oníṣòwò ará Venice, ẹni tí ó fẹ́ gé ìwọ̀n pọ́ùn kan nínú ẹran ara ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ wípé, ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ ṣáájú kí a tó kọ eré náà, àlejò kan wà ní ìlú London gan-an, tí gbogbo ìlú ńpè ní Júù, tí a mú lọ síwájú àwọn adájọ́ tí a sì so rọ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìà. Ẹni yìí kì íṣe ayánilówó. Oníṣègùn ni, òun li ó sì ńtọ́jú ara Ọbabìnrin Elizabeth. Ìtàn rẹ̀ li a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ènìà wa lónìí, a ó sì sọ bí àwọn òṣèré London ti lò ó lẹ́hìn ikú rẹ̀, nítorí kò ṣeé ṣe láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Roderigo Lopez li orúkọ rẹ̀. Ìlú Crato ní ilẹ̀ Potogí ni a bí i sí, lára àwọn Potogí wọ̀nyí kan náà tí nwọ́n fún Èkó wa ní orúkọ Lagos. Àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ́ Júù. Ní ọdún 1497, ọba ilẹ̀ Potogí fi ipá ṣe ìrìbọmi fún gbogbo Júù tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀, láti ìgbà náà wá ni a sì ti ńpe àwọn àti ìrandíran wọn ní Kristiani Titun. Ẹ kíyèsí orúkọ náà. Bí a bá bí ọmọ sínú ìjọ, bí a bí baba rẹ̀ sínú ìjọ, bí ó tilẹ̀ ńgba ara Olúwa lójoojúmọ́, Kristiani Titun náà ni, titun rẹ̀ kì í sì í gbó. Ní ọdún 1536, nwọ́n dá ìgbìmọ̀ oníwàádìí ìsìn sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà, láti máa ṣọ́ irú àwọn ènìà wọ̀nyí: ta ni kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ta ni ńwọ aṣọ mímọ́ ní ọjọ́ Sátidé, ta ni ńgbàdúrà ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ lè pàdánù ohun ìní rẹ̀ gbogbo, ó sì lè bá iná lọ.

Nínú ìbẹ̀rù yìí ni Lopez dàgbà. Iṣẹ́ ìṣègùn li ó kọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Coimbra tí ó lókìkí. Nígbàtí ó di ọdún 1559, ọdún kejì tí Elizabeth gorí oyè, ó ti wà ní ìlú London, ó ńwá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìjọba tí kì íṣe ti ìjọ Àgùdà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti wọn, nwọ́n ńpè é ní Roger.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi àyè sílẹ̀ fún Júù kankan nígbà náà. Ọba Edward Kìíní ti lé gbogbo wọn kúrò ní ọdún 1290, kò sì sí ẹni tí ó fún wọn ní àyè láti padà títí ó fi di ìgbà Cromwell, ní nǹkan bí ọdún 1656. Nítorínáà ní ojú òfin, kò sí Júù ní London. Potogí tí ó jẹ́ Kristiani li ó wà níbẹ̀. Lopez ńlọ sí ìsìn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ Sarah, ọmọ Dunstan Anes, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan tí ó ńta èròjà fún ilé Ọbabìnrin, tí òun náà sì ti inú ẹ̀jẹ̀ kan náà wá. Ohun tí nwọ́n ńṣe nínú ilé wọn nígbàtí ilẹ̀kùn bá tì, ti wọn ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ tètè yọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìlú London gbà á wọlé, ó sì di oníṣègùn ilé ìwòsàn St. Bartholomew, èyí tí ó ti pẹ́ jùlọ ní ìlú náà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tálákà inú ilé ìwòsàn ni òkìkí rẹ̀ ti gbéra dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè. Ó tọ́jú Francis Walsingham, akọ̀wé àgbà ìjọba tí ó jẹ́ olórí gbogbo amí Ọbabìnrin. Ó tọ́jú Robert Dudley, Ìjòyè Leicester, ẹni tí Ọbabìnrin fẹ́ràn jùlọ. Ní ọdún 1586, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ mú un láti jẹ́ olórí àwọn oníṣègùn rẹ̀, ó sì tún fún un ní àṣẹ òwò: òun nìkan li ó lè kó èso anísì, tí a fi ńsí oúnjẹ àti oògùn, àti ewé sumac, tí àwọn tí ó ńṣe awọ ńlò, wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ní i, owó ńwọlé fún un bí ó ti ńsùn. Àwọn tí kò sì ní i kì í gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Bí a ti ńgbé e ga ni ahọ́n ńṣiṣẹ́ lẹ́hìn rẹ̀. Gabriel Harvey, ọ̀mọ̀wé ará Cambridge kan, kọ ọ́ sí etí ìwé kan wípé Lopez kò sí lára àwọn oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ jùlọ, ọgbọ́n Júù li ó fi di ọlọ́rọ̀ àti olókìkí. Èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwé kan tí àwọn ọ̀tá Leicester tẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún 1584, nínú èyí tí nwọ́n ka Lopez mọ́ àwọn tí ńpo májèlé fún Leicester láti fi pa àwọn tí ó bá dojú kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ májèlé ti wọ inú ìlú, ó sì dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín láti sọ irú ipò tí àlejò wà ní London ní ìgbà náà. Kò lè jogún ilẹ̀. Owó orí tí ó ńsan jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ onílẹ̀. Bí òwò bá bàjẹ́, bí oúnjẹ bá gbówó lórí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́kọ́ yí sí. Ní ọdún 1593, nígbàtí àjàkálẹ̀ àrùn ńpa ìlú, ìgbìmọ̀ aṣòfin jiyàn lórí bóyá kí a dá àwọn àlejò dúró láti má ta ọjà àjèjì ní kékèké. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, nwọ́n kan ìwé kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì, tí ó ńdẹ́rùbà àwọn àlejò wípé a ó pa wọ́n. Ẹni tí ó kọ ọ́ fi orúkọ Tamburlaine sí abẹ́ rẹ̀, orúkọ akọni inú eré Christopher Marlowe, ó sì tọ́ka sí àwọn eré Marlowe míràn nínú rẹ̀. Nwọ́n mú Thomas Kyd, òǹkọ̀wé eré, nwọ́n sì dá a lóró. Nwọ́n ránṣẹ́ pe Marlowe fúnra rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 30, nwọ́n gún Marlowe pa ní Deptford nínú ìjà kan. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àlejò, ọ̀rọ̀ òfin àti ọ̀rọ̀ eré ti so kọ́ra wọn ní ìlú náà, kí ti Lopez tó ṣẹlẹ̀ rárá.

Ohun tí ó mú un ṣubú ti ilé rẹ̀ àtijọ́ wá. Ní ọdún 1580, Philip ọba Sípéènì gba ìtẹ́ ilẹ̀ Potogí. Dom António, ẹni tí ó wípé òun ni ìtẹ́ tọ́ sí, sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yíò ṣe ògbufọ̀ fún un níwájú Ọbabìnrin bí kò ṣe Lopez tí ó gbọ́ èdè méjèèjì? Lopez gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, títí Ọbabìnrin fi jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ ogun lọ ní ọdún 1589, lábẹ́ Drake àti Norris, láti gbé e padà sórí ìtẹ́. Ìrìn-àjò náà bàjẹ́ pátápátá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìà kú, àwọn ará Potogí kò dìde láti gba ọba wọn, Dom António sì padà di aláìní tí ńtọrọ owó kiri. Ìdí tí Lopez kò fi fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ lẹ́hìn èyí kò ṣòro láti mọ̀.

Láti ìgbà yìí ni Lopez ti bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ènìà Sípéènì sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Walsingham mọ̀ nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọ̀tá ńrò, oníṣègùn tí ó gbọ́ èdè wọn sì wúlò fún un. Ṣùgbọ́n Walsingham kú ní ọdún 1590. Lopez kò dúró. Amí kan tí ńjẹ́ Andrada lọ sí ọ̀dọ̀ Philip, ó sì mú òrùka wúrà olówó iyebíye kan bọ̀ láti ọwọ́ ọba náà wá. Lopez mú òrùka yìí lọ síwájú Ọbabìnrin, ó fẹ́ kí ó gbà á. Ọbabìnrin kọ̀ ọ́.

Níhìn-ín, àwa kò lè wípé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Oníṣègùn ọba tí ó ńgba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọ̀tá ọba, tí ó sì ńbá a ṣe ìdúnàádúrà owó lẹ́hìn ìgbàtí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ti kú, ó ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí etí kànga. Àwọn kan nínú àwọn òpìtàn ìgbà wa sọ wípé ìjọba Sípéènì ni ó fẹ́ sìn nítòótọ́. Àwọn míràn sọ wípé owó Philip li ó fẹ́ gbà kí ó sì rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n láti gba owó ọ̀tá, ohun kan ni; láti bu májèlé fún obìnrin tí ó sọ ọ́ di ènìà, ohun míràn ni. Èkejì yìí ni nwọ́n tìtorí rẹ̀ pa á, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti yẹ ìwé náà wò kò gbàgbọ́.

Robert Devereux, Ìjòyè Essex, ni olùfisùn rẹ̀. Ọmọ ọdún 28 ni, ó lẹ́wà, ó nífẹ̀ẹ́ ogun, ó sì ńfẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ wípé ojú òun la ju ti àwọn àgbà ìgbìmọ̀ lọ. Ìyàwó Leicester ni ìyá rẹ̀, nítorínáà kò sí àjèjì láàrin òun àti Lopez. Ọ̀tọ̀ ni àwọn amí tí òun ńsan owó fún, ọ̀tọ̀ ni ti William Cecil, Ìjòyè Burghley, àgbàlagbà tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn Ọbabìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn kan tí nwọ́n sọ lẹ́hìn náà ni wípé Lopez tú àṣírí àìsàn Essex kan níbi tí nwọ́n gbé ńmu ọtí, èyí tí oníṣègùn kò gbọdọ̀ ṣe, tí ó sì dójú ti ìjòyè náà. Bí ó ti wù kí ó rí, Essex kórìíra rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1593 ni nwọ́n mú Potogí kan tí ńjẹ́ Ferreira da Gama, ẹni tí ó wà ní ilé Lopez. Nwọ́n tún mú àwọn tí ó ńgbé ìwé fún un. Ìwé tí nwọ́n bá lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn ńsọ̀rọ̀ nípa iye owó péálì, àti òwò míràn tí ó jẹ mọ́ òórùn dídùn. Àwọn onídàájọ́ wípé àdìtú ni, wípé nǹkan míràn li ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sì dàbí ẹnipé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ńkọ ìwé ọjà ránṣẹ́, ẹ ronú wò, bí nwọ́n bá gbé lẹ́tà yín kan sórí tábìlì tí nwọ́n sì bi yín ohun tí ìwọ̀nba epo yín túmọ̀ sí gan-an.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1594, nwọ́n mú Lopez. Nwọ́n tú ilé rẹ̀ wò, nwọ́n yẹ gbogbo ìwé rẹ̀, nwọn kò rí nǹkan kan. Burghley àti ọmọ rẹ̀ Robert Cecil gbọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú Essex, Cecil sì sáré lọ sọ fún Ọbabìnrin wípé kò sí ẹ̀bi lára oníṣègùn rẹ̀. Nígbàtí Essex dé ààfin, Ọbabìnrin bínú sí i, ó bá a wí níwájú àwọn ìjòyè wípé ọ̀dọ́mọdé aláìnírònú ni, tí ó ńfi ẹ̀sùn kan ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Essex padà sílé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sì jáde fún ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ náà kì íṣe ti Lopez mọ́ láti ìgbà yìí. Ọlá Essex li ó wà lórí ìwọ̀n. Bí Lopez bá jẹ́ aláìṣẹ̀, ìtìjú Essex dúró títí. Nítorínáà ó padà lọ bá àwọn Potogí tí ó wà ní àhámọ́, ó bi wọ́n léèrè lọ́sàn-án lóru, nínú ìbẹ̀rù irin ìdánilóró, títí Ferreira àti Manuel Luis Tinoco fi wípé bẹ́ẹ̀ ni, Lopez ti gbà láti fi májèlé pa Ọbabìnrin, owó crown 50,000 li ó sì béèrè. Kí oṣù náà tó parí, Essex ti kọ̀wé wípé òun ti rí ọ̀tẹ̀ ńlá kan. Nwọ́n gbé Lopez lọ sí Ilé-Ìṣọ́ London. Arúgbó ni, irin wà níwájú rẹ̀, òun náà sì jẹ́wọ́. Àwọn Cecil, tí nwọ́n ti gbèjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, rí ibi tí afẹ́fẹ́ ńfẹ́ sí, nwọ́n sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1594, nwọ́n mú un wá sí Guildhall. Òfin ọ̀tẹ̀ tí nwọ́n fi ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1352, ohun tí ó sì wí ni wípé ẹni tí ó bá gbèrò ikú ọba nínú ọkàn rẹ̀ ti jẹ̀bi ikú. Kò pọndandan kí a rí májèlé náà. A kò sì rí i. Kò sí agbẹjọ́rò fún ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn, nítorí òfin tí ó fi àyè gba agbẹjọ́rò nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò dé títí di ọdún 1696. Lára àwọn tí a yàn láti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ni Essex fúnra rẹ̀. A kò fi kún un: ẹni tí ó wá ẹ̀sùn náà kiri, tí ó bi àwọn ẹlẹ́rìí, tí a ó dójú tì bí a bá dá ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀, jókòó pẹ̀lú àwọn tí yíò dá a lẹ́bi.

Edward Coke li ó bá ìjọba rojọ́, ẹni tí àwọn amòfin títí di òní ńbu ọlá fún gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn baba òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ náà ó lo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó pe Lopez ní ọ̀dàlẹ̀ àti apànìà, ó pè é ní oníṣègùn Júù, ó sì wípé ó burú ju Júdásì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí Júù kankan nínú ìwé ẹ̀sùn náà bí kò ṣe Kristiani tí ó ti ńgba ìsìn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 35. Lopez wípé irọ́ ni òun pa mọ́ ara òun, kí nwọ́n má ba fi òun sórí irin. Ó wípé ọba Sípéènì li òun fẹ́ tàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ owó náà. Nwọn kò gbà á gbọ́. Nwọ́n dá a lẹ́bi ní ọjọ́ kan náà.

Ọbabìnrin kò fẹ́ fi ọwọ́ sí i. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. A kò lè wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó gbàgbọ́ wípé ẹnìkan fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1594, nwọ́n wọ́ Lopez, Ferreira àti Tinoco lọ sí Tyburn, nwọ́n so wọ́n rọ̀, nwọ́n sì gé wọn sí wẹ́wẹ́ bí òfin ọ̀tẹ̀ ti wí. William Camden, òpìtàn ìgbà náà, kọ ọ́ wípé lórí àga ikú Lopez búra wípé òun fẹ́ràn Ọbabìnrin gẹ́gẹ́ bí òun ti fẹ́ràn Jésù Kristi, gbogbo àwọn tí ó dúró níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Nítorí wípé Júù ni nwọ́n kà á sí, nwọ́n gbọ́ ìbúra náà bí ìgbàtí ó ńjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ti wà ní ipò kan níbi tí òótọ́ àti irọ́ ti ńjẹ́ ẹ̀rí kan náà lòdì sí i.

Ohun ìní ọ̀dàlẹ̀, ti ọba ni. Ṣùgbọ́n nígbàtí Sarah opó rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, Ọbabìnrin dá èyí tí ó pọ̀ jùlọ padà fún un láti fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ilé eré. Marlowe ti kọ eré kan ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀ nípa Júù ará Malta tí ńjẹ́ Barabas. Nínú eré náà, owó orí tí erékùṣù náà níláti san fún àwọn Tọ́ọ̀kì kò pé, gómìnà sì ṣe òfin kan ní kíákíá wípé kí àwọn Júù mú ìdajì ohun ìní wọn wá. Ẹni tí ó bá jiyàn yíò pàdánù gbogbo rẹ̀. Barabas jiyàn. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ̀san, ó sì fi májèlé inú oúnjẹ pa odidi ilé àwọn obìnrin olùfọkànsìn kan. Philip Henslowe, tí ó ni ilé eré Rose, ní ìwé kan tí ó ńkọ owó tí ó ńwọlé sí, ìwé náà sì wà títí di òní. Ó fi hàn wípé nwọ́n ṣe eré yìí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1594, nígbàtí Lopez wà nínú Ilé-Ìṣọ́. Nwọ́n tún ṣe é ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ní Newington Butts, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpànìà Tyburn, àti ní ọjọ́ 13, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́hìn rẹ̀. Àwọn òṣèré mọ ohun tí ọjà ńfẹ́.

Lẹ́hìn náà ni ti Shakespeare dé. Nwọ́n ti kọ orúkọ eré Oníṣòwò ará Venice sínú ìwé àwọn òǹtẹ̀wé ní ọdún 1598, nwọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1600. Ní ọdún 1880, ọ̀mọ̀wé Sidney Lee gbé e jáde wípé Lopez ni Shakespeare wò tí ó fi yá àwòrán Shylock. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ní tiwa, ọkùnrin méjèèjì kò jọra púpọ̀. Ohun tí ó jọra ni ilé-ẹjọ́. Shylock gbẹ́kẹ̀lé òfin Venice. Ó wípé bí nwọ́n bá kọ ìwé àdéhùn òun, kò sí agbára kankan nínú òfin ìlú náà mọ́, oníṣòwò tí ó fẹ́ fi ẹran ara rẹ̀ san gbèsè náà sì gbà wípé òótọ́ ni. Portia, tí ó múra bí agbẹjọ́rò ọkùnrin, fi ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn náà gan-an mú un. Nígbàtí Shylock sì fẹ́ jáde lọ, ó dá a dúró, ó mú òfin míràn jáde tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré: wípé bí àlejò bá lépa ẹ̀mí ọmọ ìlú, ìdajì ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó lépa, ìdajì jẹ́ ti ìjọba, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olórí ìlú. Láti wákàtí náà ni Shylock ti mọ̀ wípé àlejò ni òun. Òfin tí ó gba àdéhùn rẹ̀ wọlé ní ìlẹ̀kùn iwájú ni òfin tí ó ti dúró dè é ní ẹ̀hìnkùlé.

Nwọ́n tún ní kí Shylock di Kristiani. Àwọn tí ó ńwo eré náà ní London gba èyí bí àánú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Lopez yíò dúró díẹ̀ lórí ìdájọ́ yìí. A ti ṣe ìrìbọmi fún Lopez ní kékeré. Kí ni Shylock yíò rí gbà nínú omi náà tí Lopez kò rí?

Ní ti Essex, ogo tí ó rí nínú ọ̀ràn náà kò pẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1601, òun náà di ọlọ́tẹ̀ sí Ọbabìnrin. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sanwó fún àwọn òṣèré ẹgbẹ́ Shakespeare kí nwọ́n ṣe eré nípa Richard Kejì, ọba tí a yọ lórí oyè. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ohun ìjà wọ àárín ìlú, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò tẹ̀lé e. Nígbàtí nwọ́n mú un wá síwájú àwọn adájọ́, Edward Coke kan náà li ó dìde láti bá ìjọba rojọ́, òfin ọ̀tẹ̀ kan náà ni nwọ́n sì kà sí i létí. Ní ọjọ́ 25, nwọ́n bẹ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ni Essex. Àwọn ènìà sọkún rẹ̀, nwọ́n kọ orin ọ̀fọ̀ nípa rẹ̀ tí nwọ́n ńtà kiri ìgboro.

Fún Lopez, ẹ̀rín ni nwọ́n pa mọ́. Nínú ìwé eré Dókítà Faustus tí a tẹ̀ ní ọdún 1604, nwọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kún un lẹ́hìn ikú Marlowe, láti fi ṣe ẹlẹ́yà dókítà tí ó rẹ́ni jẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1624, ọgbọ̀n ọdún lẹ́hìn Tyburn, nígbàtí Elizabeth àti Essex àti Burghley ti di erùpẹ̀, Thomas Middleton gbé eré kan jáde ní ilé eré Globe nípa ọ̀tá láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì, tí ó fi ayò ṣẹ́ẹ̀sì ṣe àkàwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni nwọ́n fi ṣe é, èrò ńkún ilé náà lójoojúmọ́. Nínú ìwé iye owó ẹ̀ṣẹ̀ kan tí nwọ́n kà lórí ìtàgé, orúkọ Dókítà Lopez wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó tí nwọ́n ṣèlérí fún un láti fi májèlé pa Ọbabìnrin. Kò pẹ́ tí ọba dá eré náà dúró, nítorí ikọ̀ Sípéènì wá fi ẹjọ́ sùn wípé nwọ́n bu orílẹ̀-èdè òun kù.